Ọ̀rá inú ilẹ̀kùn Ìjàpá: ibi tí omi òjò ń gbà wọlé, àti ibi tó yẹ kó gbà jáde

Ẹni tó bá ń tún Volkswagen Ìjàpá àtijọ́ ṣe máa ń náwó gan-an sórí ọ̀dà, sórí ìjókòó, sórí àwọn irin dídán ara rẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ á wá rọ̀, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á bá omi lórí kápẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà tó yí etí ilẹ̀kùn po ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ra tuntun, wọ́n á tún rà á lẹ́ẹ̀kejì, omi ò sì ní dáwọ́ dúró. Ibi tí omi ti ń wá ò hàn sójú, bọ́ọ̀dù inú ilẹ̀kùn ló bò ó. Awẹ́ ọ̀rá kan ló yẹ kó wà láàárín irin ilẹ̀kùn àti bọ́ọ̀dù náà. Mẹkáníìkì kan ti ya á dànù lọ́jọ́ tó wá tún gíláàsì ṣe, kò sì sẹ́ni tó dá a padà.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí mọ̀ pé omi máa wọ inú ilẹ̀kùn. Gíláàsì ní láti máa lọ sókè sódò, nítorí náà kò sí bí wọ́n ṣe lè dí ojú ibi tó ń gbà kọjá pa. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń nu gíláàsì lọ́wọ́ ìta, èkejì tó ní aṣọ onírun lára ń nù ún lọ́wọ́ inú. Nínù ni wọ́n ń nù ún, wọn ò dí i. Nígbà tí oòrùn bá ti pa tìta fún ọdún bíi mélòó kan, á gan, á sì fi àlàfo sílẹ̀ lára gíláàsì. Gíláàsì kékeré onígun mẹ́ta tó wà níwájú ilẹ̀kùn náà máa ń jò tí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbó.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ẹ̀kán omi kan. Ó bọ́ sórí gíláàsì, ó ṣàn dé ibi rọ́bà, ó yọ́ kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ó bá ara gíláàsì sọ̀kalẹ̀ nínú òkùnkùn ilẹ̀kùn títí tó fi dé irin tó gbé gíláàsì dání, níbẹ̀ ló ti kán. Bó bá bọ́ sí ìdí ilẹ̀kùn tààrà, á bá àwọn ihò pẹlẹbẹ tí wọ́n lu síbẹ̀, á sì gbabẹ̀ jáde sílẹ̀. Àmọ́ òmíràn á kọ́kọ́ já lu ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì, á ta bí omi òrùlé ṣe máa ń ta tó bá já sórí òkúta, á sì fọ́n sápá inú ọkọ̀. Irin tó wà lápá yẹn kì í ṣe ògiri tó dí. Wọ́n ti gé ihò ńláńlá sí i kí ọwọ́ lè wọlé dé ibi ẹ̀rọ gíláàsì àti lọ́ọ̀kù. Tí ọ̀rá bá bo ihò wọ̀nyẹn, omi á lu ọ̀rá, á ṣàn wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, á padà sínú ilẹ̀kùn, á sì bá èyí tó ṣáájú jáde nísàlẹ̀. Tí kò bá sí ọ̀rá, bọ́ọ̀dù ló máa gbà á.

Bọ́ọ̀dù yìí ò lè fara da omi. Háádìbọ́ọ̀dù ni, ìyẹn ẹ̀rún igi tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ títí tó fi di pẹlẹbẹ, tí wọ́n wá fi lẹ́dà bò. Tó bá ti mu omi, á wú, á tẹ̀, àwọn ihò tí wọ́n fi kílíìpù há sí á ya, lẹ́dà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti ìsàlẹ̀. Bí bọ́ọ̀dù bá ti ní àbààwọ́n omi lápá ìsàlẹ̀, tí apá òkè rẹ̀ sì gbẹ, kò tún sí ohun tí a ń wá: ọ̀rá ló sọnù tàbí ló ya.

Bọ́ọ̀dù ṣì ṣeé rà. Irin ọkọ̀ lohun tó yẹ kéèyàn bẹ̀rù lé lórí. Lábẹ́ ilẹ̀kùn Ìjàpá, lọ́tùn-ún lósì, irin gígùn kan wà tó ṣófo nínú, òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn wá síwájú. Ní ilẹ̀ olótùútù bíi Jámánì, òun ló ń mú inú ọkọ̀ móoru. L'Ékòó kò sẹ́ni tó ń wá ooru rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ò tán síbẹ̀, torí ó wà lára ohun tó gbé ara ọkọ̀ ró. Omi tó ń kán láti ìdí bọ́ọ̀dù á rin kápẹ́ẹ̀tì, á sùn sábẹ́ rẹ̀, á sì máa jẹ irin yìí díẹ̀díẹ̀ níbi tójú ò tó. Nígbà tó bá fi máa jẹrà tán, ilẹ̀kùn á ti máa wọ́, iṣẹ́ jórinjórin ló sì kù. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó wà nílẹ̀ wa ni wọ́n tò ní ilé iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lójú ọ̀nà Badagry, l'Ékòó, lọ́dún 1975. Bí ọjọ́ orí wọn ṣe tó, tí òjò Èkó ń lù wọ́n, tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun sì ń fẹ́ sí wọn, ọ̀rá tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan yìí ṣe pàtàkì fún wọn ju ọ̀pọ̀ ohun dídán lọ.

Kí ọ̀rá tó dé, bébà ni wọ́n ń lò nínú ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, bébà líle tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú bí èyí tí wọ́n fi ń da títì rin kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Bó bá ti pẹ́, á gbẹ, á máa rún bí ewé gbígbẹ. Ẹni tó bá tú ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí lè bá ìlà dúdú tó yí ihò ńlá ká lára irin. Kó má yára fọ̀ ọ́ o. Kó kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀, nítorí ìlà yẹn ló ń sọ ibi tí ilé iṣẹ́ gba gọ́ọ̀mù kọjá.

Ọ̀rá tó dáa fún iṣẹ́ yìí ni èyí tó nípọn tó ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan tàbí kó lé díẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń gbé ẹrù lọ́jà fẹ́lẹ́ jù, yóò ya níbi tí kílíìpù bá ti kàn án. Ọ̀rá nínípọn tí àwọn bíríkìlà ń tẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré ilẹ̀ ilé lé e wúlò gan-an, kò sì wọ́n.

Títú bọ́ọ̀dù gba sùúrù. Ọwọ́ tí a fi ń yí gíláàsì àti ọwọ́ ìṣílẹ̀kùn ló máa kọ́kọ́ kúrò. Nínú àwọn tó pẹ́ jù, pínnì kékeré ló há a. Nínú àwọn tó dé lẹ́yìn, sùkúrù ni, abẹ́ ìdérí ọ̀rá ló sì máa ń fara pa mọ́ sí. Lẹ́yìn náà, irin pẹlẹbẹ á wọ àárín bọ́ọ̀dù àti ilẹ̀kùn, nítòsí kílíìpù gan-an, a ó sì máa gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi agbára fà á láàárín méjì, ihò kílíìpù ló máa fà ya. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan lára irin, rọ́bà kékeré kan máa ń wà tí kílíìpù ń wọ̀. Òun náà ń dí omi, nítorí náà tuntun ló yẹ kó padà síbẹ̀.

Kí ọ̀rá tuntun tó wọlé, a ó fi àkísà tí kẹrosíìnì ti rin pa gọ́ọ̀mù àtijọ́ rẹ́, a ó wá fi ọṣẹ àti omi fọ kẹrosíìnì fúnra rẹ̀ kúrò, torí gọ́ọ̀mù kì í mú lórí epo. Níbi tí irin bá ti dógùn-ún, a ó ha á, a ó kùn ún. A ó sì fi wáyà gún àwọn ihò ìdí ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹrẹ̀, ewé àti rọ́bà tó ti rún ló máa ń dí wọn, omi á wá dúró sínú ilẹ̀kùn bíi ti inú abọ́. Ilẹ̀kùn tí ihò ìdí rẹ̀ bá dí, ọ̀rá kankan ò lè gbà á lọ́wọ́ ìpáàrà.

Láti gé ọ̀rá, a ó fi tépù oníwèé gbé èyí tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ sójú ilẹ̀kùn, a ó fi bírò fa ìlà yí ihò ńláńlá po, a ó sì jẹ́ kí ó lé díẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Nísàlẹ̀, kí ó lé tó ìbú ọwọ́ kan. Kò gbọ́dọ̀ le bí awọ ìlù, nítorí tí bọ́ọ̀dù bá tẹ̀ ẹ́, yóò ya. Kò sì gbọ́dọ̀ dẹ̀ jù débi tí gíláàsì á fi máa ha á. Níbi tí irin tó ń yí gíláàsì ti yọ síta, ohun tí a ó gé kò gbọ́dọ̀ ju àgbélébùú kékeré lọ, tó kéré ju irin náà lọ, kí ọ̀rá lè dìde yí irin ká bí ọrùn ẹ̀wù. Ẹni tó bá gé odindi ihò róbótó síbẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún omi.

Ní ti gọ́ọ̀mù, tépù rọ́bà dúdú tí wọ́n ń pè ní butyl ló dáa jù lójú tèmi. Ó máa ń rọ̀ bí àmọ̀ tútù, kì í gbẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ tún lọ́ọ̀kù ṣe lọ́jọ́ iwájú lè ṣí i kó tún lẹ̀ ẹ́ padà. Gọ́ọ̀mù àwọn tó ń ṣe bàtà máa ń mú dáadáa, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí ọ̀rá náà ni yóò ya. Sìlíkóónì tó ń rùn bíi fínígà ni kí èèyàn sá fún. Ásíìdì inú rẹ̀ máa ń jẹ irin tí kò ní ọ̀dà, ọ̀dà kì í sì í mú mọ́ níbi tó bá ti kàn. A ó fa butyl náà láìgé e, láàárín ihò ńlá àti ìlà ihò kílíìpù, lókè àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé ní gbogbo ojú rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo bí kápẹ́ńtà ṣe ń kan páànù: ti òkè ló ń gun ti ìsàlẹ̀, kí omi lè máa bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí ìsàlẹ̀ ọ̀rá ṣe gbọ́dọ̀ kọjá sínú ilẹ̀kùn, kó gba ẹnu ihò ńlá wọlé, kó sì rọ̀ sẹ́yìn irin, kí omi tó bá bá a sọ̀kalẹ̀ lè já sínú ilẹ̀kùn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n lẹ etí ìsàlẹ̀ mọ́ ojú irin lóde bí wọ́n ṣe lẹ ti òkè. Ó máa ń dùn ún wò. Àmọ́ omi tó ń sọ̀kalẹ̀ kò ní rí ibi gbà, yóò kó jọ sínú ọ̀rá bí omi òjò ṣe ń kó jọ sórí tapólì, yóò wúwo, yóò sì ṣí gọ́ọ̀mù láti ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, kápẹ́ẹ̀tì ti tún tutù.

Tí wọ́n bá ti lu ihò sí ilẹ̀kùn nítorí sípíkà, bó ṣe wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, ọ̀rá ò gbọ́dọ̀ ní ihò lásán níbẹ̀. A ó rán ìbòrí ọ̀rá kan sẹ́yìn sípíkà náà, tó dí lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ sínú ilẹ̀kùn.

Kí bọ́ọ̀dù tó padà, a ó dán an wò. A ó gbé gíláàsì sókè, a ó ti ilẹ̀kùn, ẹnì kan á jẹ́ kí omi máa ṣàn jẹ́jẹ́ sí gíláàsì láti ìta, ẹnì kejì á jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ìwé ìròyìn gbígbẹ á sì wà nílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Tí ìwé náà bá tutù, ojú ibi tó ti tutù á sọ ibi tí a ó ti tún gọ́ọ̀mù tẹ̀. Tó bá gbẹ, a lè há bọ́ọ̀dù padà.

Lẹ́yìn òjò ńlá, omi yóò máa kán lábẹ́ ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Àwọn kan máa ń rí i, wọ́n á rò pé ọkọ̀ ń jò, wọ́n á sì fi pọ́ọ̀tì dí àwọn ihò náà. Ẹ má dí wọn o. Omi tó ń kán sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lóde yẹn ni omi tí ọ̀rá ti dá padà.