Nígbà tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bá tún yọjú lára ẹni wa

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Màmá wa fi gbádùn lẹ́yìn ìtọ́jú àkọ́kọ́. Myeloma ló ń ṣe wọ́n, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú mùdùnmúdùn egungun. A ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ti wọ aṣọ ẹbí. Àfi bí ẹ̀yìn ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ó ti padà. Àwọn ìbéèrè tí àwa ọmọ bi ara wa nígbà náà, àti èyí tí àwọn tó wà nírú ipò yìí ti ń bi mí látìgbà náà, ni mo fẹ́ dáhùn.

Ṣebí dókítà ní kò sí mọ́? Báwo ló ṣe tún padà?

Ohun tí dókítà sọ ni pé àyẹ̀wò ò rí i mọ́. Àwa la gbọ́ ọ bíi pé ó ti tán. Ẹ wo koríko ẹ̀kan nínú oko: ẹ ó fi ọkọ́ ro ó, ilẹ̀ á mọ́ kedere, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, òjò kan ló kù kó tún hù. Bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì àìsàn yìí ṣe máa ń lúgọ sínú mùdùnmúdùn. Àwọn tí oògùn àkọ́kọ́ ò rí pa ló ń pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí dókítà fi sábà máa ń pààrọ̀ oògùn. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló rí báyìí o. Ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ní leukaemia ló ń rí ìwòsàn pátápátá níbi tí ìtọ́jú bá ti péye. Ṣùgbọ́n myeloma máa ń padà sára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó bá mú, bí wọ́n tiẹ̀ lo oògùn bó ṣe yẹ. Àwa aláwọ̀ dúdú ló sì ń mú jù, ó tó ìlọ́po méjì ti àwọn aláwọ̀ funfun.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọwọ́ ayé ni. Ẹnìkan nínú ẹbí sọ bẹ́ẹ̀ létí Màmá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fura sí oúnjẹ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá gbé wá, ìyàwó tó ń fọ aṣọ wọn, tó ń bá wọn wẹ̀. Ó tó oṣù méjì kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lọ́kàn wọn. Ó ṣì ń dùn mí.

Ṣé ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe?

Rárá. Thalidomide, oògùn tó ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ inú ní jàǹbá ní nǹkan bí ọdún 1960, òun náà ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi hàn ní 1999 pé ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí myeloma wọn ti padà. Bortezomib dé ní 2003, lenalidomide dé tẹ̀lé e. Bí aboyún bá wà nínú ilé, kó má fọwọ́ kan thalidomide tàbí lenalidomide rárá.

Owó ni ìṣòro lọ́dọ̀ wa. Ẹ bi dókítà tààrà: èwo la lè máa rà láìdá a dúró lágbedeméjì? Ẹ tún béèrè ohun tí ìtọ́jú náà wà fún, bóyá láti mú kí àìsàn náà sùn fún ìgbà pípẹ́ ni, tàbí láti dín ìrora kù. Méjèèjì ló jẹ́ ìtọ́jú.

Kí ni kí n máa sọ fún wọn?

Ìgbà kejì kò dà bí ìgbà àkọ́kọ́. Ní àkọ́kọ́, àlejò ò jẹ́ ká ráyè sùn. Nígbà tó padà, fóònù ò dún mọ́, ó ti sú àwọn èèyàn, ẹ̀rù sì ń ba àwọn mìíràn.

Lóru ọjọ́ kan, Màmá ní, "Ó ti rẹ̀ mí." Mo fèsì kíá pé, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ò ní gbà." Wọ́n kọjú sí ògiri, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n tún sọ ọ́ lọ́sẹ̀ kejì, mo béèrè pé kí ló ń rẹ̀ wọ́n jù. À ṣé kì í ṣe ikú ni wọ́n ní lọ́kàn. Abẹ́rẹ́ ni, àti bí àwa ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ wọn lórí wọn bíi pé wọn ò sí níbẹ̀. A sọ̀rọ̀ títí àkùkọ fi kọ. Láti ìgbà náà, àwọn ni dókítà ń bá sọ̀rọ̀ kó tó bá wa sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ lè máa bà yín, ṣùgbọ́n ẹ jókòó gbọ́ ọ.

Wọ́n ń kanra, wọn ò sùn. Kí ni mo ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wo àpò oògùn. Bí dexamethasone bá wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ òun. Ó máa ń lé oorun lọ, ó máa ń mú inú bíni, ó sì lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. A sàmì sí ọjọ́ tí wọ́n ń lò ó lórí kàlẹ́ńdà, gbogbo ilé sì ń mú sùúrù lọ́jọ́ náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá òwúrọ̀ ni kí wọ́n máa lò ó.

Kí ló yẹ kí n máa ṣọ́ra fún?

Myeloma lè ba kíndìnrín jẹ́. Ibuprofen, diclofenac àti piroxicam, tí a máa ń rà ní kẹ́míìsì fún ara ríro, lè dá kún un. Àgbo náà ńkọ́? Ẹ má fún wọn láìjẹ́ pé dókítà mọ̀.

Ẹni tó ń wúkọ́ kó má wọlé, kó kí wọn lórí fóònù. Colin Powell, ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, síbẹ̀ àrùn náà ló ṣekú pa á ní 2021, nítorí myeloma ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára. Bí ara wọn bá gbóná tó 38°C lórí tẹmómítà, ilé ìwòsàn ni lóru ọjọ́ náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Bákan náà ni bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé kú tàbí tí ìtọ̀ bá há. Ó lè jẹ́ pé egungun ẹ̀yìn ló ń tẹ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn.

Fún ìrora, ẹ béèrè àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú ìrora. Wọ́n wà ní UCH Ìbàdàn, kò sì dìgbà tí ikú bá kù sí dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó dá sí i.

Òkè òkun ni mo wà. Ṣé owó nìkan ni mo lè fi ránṣẹ́?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Houston. Òun ló ń ra oògùn, ṣùgbọ́n ohun tí Màmá ń retí ni ìpè rẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. A bẹ̀ ẹ́ pé kó má bi wọ́n léèrè ara. Ó ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀kọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó se é, ó gbé e han Màmá lójú fóònù. Wọ́n ní ó ti ṣàn jù, kó tún un se.