Ìtúnṣe ojú ọ̀run àti ìkùukùu nínú Morrowind

Ìtúnṣe ojú ọ̀run nínú géèmù kọ̀ǹpútà The Elder Scrolls III: Morrowind ni iṣẹ́ fífi àwòrán ìkùukùu, ìràwọ̀, oòrùn àti òṣùpá tuntun rọ́pò èyí tó bá géèmù náà wá. Ilé-iṣẹ́ Bethesda ní Amẹ́ríkà ló gbé géèmù náà jáde lọ́dún 2002, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò sì tíì dẹ́kun títún un ṣe títí dòní. Ojú ọ̀run wà lára ohun tó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ó tún wà lára ohun tó tètè ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó bá rò pé kí àwòrán ṣáà ti tóbi ni.

Erékùṣù Vvardenfell ni ìtàn géèmù náà ti ṣẹlẹ̀. Òkè ayọnáyèéfín ńlá kan, Red Mountain, ló wà láàárín erékùṣù yìí. Bí èèyàn bá ṣe ń kúrò létíkun tó ń sún mọ́ òkè náà, ìjì eérú á máa jà, ojú ọ̀run á pupa rẹ́súrẹ́sú, ọ̀nà iwájú á sì ṣókùnkùn bí ìgbà tí ọyẹ́ bá mú gan-an. Lálẹ́, òṣùpá méjì ló ń yọ: Masser tó tóbi àti Secunda tó kéré. Ẹni tó bá gbójú sókè níbẹ̀ máa ń mọ ibi tó dé àti ewu tó wà níwájú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ojú ọ̀run tí kò dáa fi ń ba gbogbo ìrìn-àjò náà jẹ́.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ojú ọ̀run inú géèmù náà dà bí igbá mẹ́ta tí a dojú wọn délẹ̀, tí ọ̀kan wà nínú èkejì. Fáìlì sky_atmosphere ló gbé àwọ̀ sánmà dání, sky_night_01 ló gbé ìràwọ̀, sky_clouds_01 ló gbé ìkùukùu. Géèmù á na àwòrán kan bo igbá ìkùukùu, á sì máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ kó lè dà bíi pé afẹ́fẹ́ ń gbé e. Irú àwòrán tí wọ́n ń nà bo nǹkan báyìí ni àwọn onígéèmù ń pè ní texture.

Irú ojú ọjọ́ mẹ́wàá ló wà. Mẹ́jọ bá géèmù náà wá: ojú ọ̀run tó mọ́, èyí tó ní ìkùukùu díẹ̀, kùrukùru, èyí tó ṣú dẹ̀dẹ̀, òjò, òjò pẹ̀lú àrá, ìjì eérú, àti ìjì àrùn tí wọ́n ń pè ní Blight. Yìnyín àti ìjì yìnyín dé pẹ̀lú àfikún Bloodmoon lọ́dún 2003. Texture ìkùukùu kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Tx_Sky_Clear ni ti ojú ọ̀run tó mọ́, nítorí náà ẹni tó bá fi ọgọ́rùn-ún wákàtí rìn ní Vvardenfell, ìkùukùu kan náà ni yóò máa rí ní gbogbo ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́.

Káàdì àwòrán tó ní mẹgabáìtì 32 péré ni Bethesda béèrè fún nígbà yẹn. Inú àyè kékeré yẹn ni ilé, igi, aṣọ, ojú èèyàn àti sánmà ti gbọ́dọ̀ gbà. Lójú amóhùnmáwòrán ńlá òde òní, àwòrán ìgbà náà máa ń rí bàìbàì.

Fífi àwòrán mìíràn rọ́pò rẹ̀

Kò sí ohun tí a ní láti tú nínú géèmù náà fúnra rẹ̀. Texture tuntun tó bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí a fi sínú fódà Textures lábẹ́ Data Files, ni géèmù yóò lò dípò ti tẹ́lẹ̀. Fáìlì oríṣi DDS ló wọ́pọ̀ jù. Bí a bá fún un pọ̀ ní ọ̀nà DXT5, àwòrán tó ní píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 2048 ní ìbú àti ní òró á gba mẹgabáìtì 4. Láìfún un pọ̀, ó tó 16. Ọ̀nà DXT1 gba ìdajì àyè DXT5, àmọ́ kò dáa fún ìkùukùu, nítorí kò lè pa á mọ́ bí etí ìkùukùu ṣe ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tí sánmà yóò fi hàn lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ló ń pín àwòrán sí ìṣù píksẹ́lì mẹ́rin sí mẹ́rin. Lára òkúta, èèyàn kì í rí i. Lójú sánmà tó yẹ kó máa yọ́ láti funfun sí eérú, á hàn bí àpótí kéékèèké.

Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Texture ìkùukùu kọ́ ló ń pinnu àwọ̀ ojú ọ̀run. Inú fáìlì Morrowind.ini ni wọ́n kọ àwọ̀ sí fún ojú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ní ìgbà mẹ́rin: ìdájí, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ àti òru. Fún àpẹẹrẹ, 95, 135, 203 (ìwọ̀n pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù) ni àwọ̀ sánmà lọ́sàn-án nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́, ìyẹn búlúù tó rọ̀; ní òru ó di 9, 10, 11, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán. Irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni géèmù ń dà lé ìkùukùu lórí. Bí ẹnì kan bá wá fi fọ́tò ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́wà ṣe texture, pupa rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, á sì dọ̀tí bí omi àgbàrá nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá dé tí géèmù tún da pupa tirẹ̀ lé e. Fọ́tò tún ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń tàn sí i, bẹ́ẹ̀ oòrùn géèmù ń rìn láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyí tí texture tó dáa jù fi sábà máa ń funfun tàbí rí bí eérú, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì gbè sí ẹ̀gbẹ́ kankan.

Ojú rírán náà tún wà. Àwòrán kan náà ló ń tẹ̀ lé ara rẹ̀ lórí igbá náà, nítorí náà etí òsì gbọ́dọ̀ bá etí ọ̀tún mu. Nínú GIMP, ètò ọ̀fẹ́ tí a fi ń tún àwòrán ṣe, wọ́n máa ń sún àwòrán náà dé ìdajì kí àwọn etí lè pàdé láàárín, kí wọ́n wá fi ọwọ́ pa ojú rírán náà rẹ́. Ìkùukùu kan tó bá yàtọ̀ gédégédé sí ìyókù ni kí a yọ kúrò, torí ojú á tètè mọ̀ ọ́n níbi tó bá ti tún yọ.

Ìjì eérú ni wọ́n ń gbàgbé jù, ó sì dunni, nítorí òun ni àmì ilẹ̀ náà. Ìkùukùu ojú ọ̀run tó mọ́ ń rìn ní ìwọ̀n 1.25, ti ìjì eérú jẹ́ 7, ti Blight sì jẹ́ 9. Ohun tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ kò nílò ọnà kéékèèké nínú àwòrán rẹ̀. Ìṣù ńláńlá àti ìlà tó tẹ̀ lé ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló ń gbà á. Bákan náà, bí ojú ọjọ́ bá ń yí padà, àwòrán méjèèjì ń hàn pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí ọ̀kan bá sì jẹ́ tuntun tí èkejì jẹ́ ti 2002, ìyàtọ̀ á hàn kedere.

Òru

Sky_night_01 ní ọ̀nà tó gbà na texture rẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń ṣe ìràwọ̀ tuntun sábà máa ń fi igbá tuntun kún un. OpenMW, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ géèmù náà kọ láti fi ṣí fáìlì Morrowind, máa ń kọ́kọ́ wá sky_night_02. Bí kò bá sí ló tó ń lo ti àkọ́kọ́. Texture òṣùpá ní òbìrí kan tó ń bá a rìn, tó ń dí apá tó ṣókùnkùn kí ìràwọ̀ má bàa hàn láàárín òṣùpá. Bí ìwọ̀n wọn kò bá dọ́gba, ìràwọ̀ á máa tàn nínú Masser.

MGE XE, ètò mìíràn tó ń jẹ́ kí a rí ọ̀nà jíjìn, ń ti kùrukùru sẹ́yìn. Ibi tí ilẹ̀ àti sánmà ti pàdé, tí kùrukùru ń bò tẹ́lẹ̀, á wá hàn gbangba.

Ìdánwò

Seyda Neen, abúlé etíkun tí géèmù ti bẹ̀rẹ̀, dára fún ìdánwò. Nínú kọ́ńsóòlù, ìyẹn ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún géèmù, àṣẹ ChangeWeather "Bitter Coast Region" 6 á mú ìjì eérú wá síbẹ̀; 0 á mú ojú ọ̀run mọ́. Set GameHour to 5 á gbé aago dé aago márùn-ún ìdájí. Oòrùn ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní aago mẹ́fà, ó sì ń gba wákàtí méjì. Wákàtí géèmù kan jẹ́ ìṣẹ́jú méjì tiwa, nítorí náà ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iná etíkun fún ìṣẹ́jú mẹ́fà á ti rí bí ìkùukùu rẹ̀ ṣe gba òru, ìdájí àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sán.