Orí ẹṣin tó kù sẹ́yìn: ṣé síkíríìnì ló bàjẹ́ ni, àbí driver?

Ká ní ẹnì kan jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń wo àwòrán Ojúde Ọba lórí laptop tòkunbọ̀. Ó yí ojú ìwé náà sókè. Ẹṣin bá a lọ, ṣùgbọ́n orí ẹṣin kù sẹ́yìn, ó dúró gbọin-in lórí ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ó gbé máòsì gba orí lẹ́tà kan níbẹ̀, àyíká lẹ́tà náà nìkan ló mọ́.

Síkíríìnì làwọn èèyàn sábà máa ń fura sí. Ó dunni, torí owó síkíríìnì kì í ṣe kékeré, ẹ̀bi náà kì í sì í sábà jẹ́ tirẹ̀.

Síkíríìnì 1366 × 768 ní píksẹ́lì 1,049,088, ó sì sábà máa ń tún ara rẹ̀ yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí bráwúsà bá ní kóun máa kun gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, kò ní lè bá a. Ohun tó ń ṣe ni pé ó gé ojú ìwé sí ègé-ègé bíi táìlì ilẹ̀, ó kó wọn sí mẹ́mórì GPU (ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán), ibi tó bá yí padà nìkan ló sì ń tún kùn. Driver, ìyẹn sọ́fítíwíà kékeré kan, ni ògbufọ̀ láàárín bráwúsà àti GPU. Driver tó ti gbó lè gba àṣẹ kó má pariwo, síbẹ̀ kó ṣe é ní àṣìṣe: ègé tó yẹ kó pa rẹ́ wà níbẹ̀. Bráwúsà ti gbà pé ibẹ̀ ti mọ́, kò ní padà síbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi yí padà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí máòsì fi ń nù ún bí àkísà.

Báwo la ṣe máa mọ̀? Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya ojú síkíríìnì náà, lẹ́yìn náà ẹ tẹ PrtSc (bọ́tìnì tó ń ya ohun tó wà lójú síkíríìnì), kí ẹ fi àwòrán tó mú jáde ránṣẹ́ sórí fóònù, kí ẹ wò ó níbẹ̀. Bí orí ẹṣin bá wà nínú rẹ̀, ọwọ́ síkíríìnì àti wáyà rẹ̀ mọ́. Bí kò bá sí, wáyà lè ní ẹjọ́, ṣùgbọ́n PrtSc fúnra rẹ̀ máa ń mú kí ojú ìwé tún ara rẹ̀ kùn nígbà míì, nítorí náà ẹ dán an wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìdánwò tó lágbára jù wà nínú Settings Chrome, lábẹ́ System: ẹ pa "Use graphics acceleration when available", ìyẹn ètò tó ń fi iṣẹ́ kíkùn lé GPU lọ́wọ́, kí ẹ tún bráwúsà ṣí. Bí àléébù náà bá lọ, ọ̀nà GPU ló ti wá, driver sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ ká mú. Lórí Firefox, Troubleshoot Mode náà ń pa á, ṣùgbọ́n ó ń pa àwọn extension (àfikún tí a fi sínú bráwúsà) pẹ̀lú, nítorí náà kò tó ẹ̀rí.

Ojú ìwé chrome://gpu ń fi nọ́ńbà driver hàn. Chrome ní àkójọ àwọn driver tí kò fọkàn tán, ó sì máa ń yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Lórí tòkunbọ̀, ẹ wo chrome://flags, ojú ìwé àwọn ètò ìdánwò Chrome, dáadáa: ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ lè ti tan "Override software rendering list", ìyẹn ni pé ó fipá dá driver tí wọ́n lé lọ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Driver tuntun, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe laptop náà ni kẹ́ ẹ ti wá a. Bí wọn kò bá ṣe é mọ́ fún ẹ̀rọ ọjọ́ pípẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi acceleration sílẹ̀ ní pípa. Fídíò á wúwo díẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù JAMB àti èsì WAEC á ṣí kedere.