Lékeléke ń lọ, ó ń bọ̀, èèyàn ńkọ́?

Rédíò ń kìlọ̀ pé ẹyẹ tó ń ṣí kiri lè kó àrùn adìyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu wọ̀lú. Wọ́n tún ń pe àwọn ọ̀dọ́ tó ń jápa ní aṣíkiri. Ọ̀rọ̀ náà wá dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú l'Óṣogbo.

Kí ni ìṣíkiri ẹranko?
Kí ẹranko kúrò níbì kan nígbà tí àsìkò bá yí, kó sì padà síbẹ̀ tí àsìkò bá tún yí.

Ṣé à ń rí i nílùú wa?
Dáadáa. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, lékeléke á dé láti òkè Ọya, torí koríko ibẹ̀ ti gbẹ, tata sì ti wọ́n. Tí òjò bá padà, á gba ọ̀hún lọ. Àwọn alápàáńdẹ̀dẹ̀ kan ń ti Yúróòpù fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá; oòrùn, ìràwọ̀ àti agbára òòfà inú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀nà. Àdán náà ń ṣí. Irú èyí tó ń so rọ̀ sórí igi ní yunifásítì Ifẹ̀ ló ń kóra jọ sí igbó Kasanka ní Sáḿbíà lọ́dọọdún, tí wọ́n ń tó mílíọ̀nù 10, torí èso.

Èèyàn ńkọ́?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Àsìkò ni ẹyẹ ń tẹ̀ lé. Èèyàn ń rò ó kó tó lọ, ìgbà mìíràn sì wà tí wọ́n ń lé e. Ìtàn ní omi ló wọ́n ní Ìpólé tí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, fi wá sétí odò Ọ̀ṣun. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn tó sá àsálà wọ Òṣogbo, ibẹ̀ ló sì di ilé wọn. Ní 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Ẹni tó bá rántí èyí kò ní máa sọ̀rọ̀ àlejò bí ẹni ń sọ̀rọ̀ eṣú tó ya wọ oko.

Ṣé ká máa pa lékeléke ni?
Rárá o.

Adìyẹ wa wá ńkọ́?
Ní 2006 ni àrùn náà kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ní Kàdúná. Ẹyẹ ìgbẹ́ lè gbé e, àmọ́ adìyẹ tí à ń rà tí à ń tà, àgò àti bàtà tó dọ̀tí náà ń gbé e. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ilé adìyẹ. Tí wọ́n bá ń kú lójijì, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á. Ẹ pe dókítà ẹran.

Ọmọ mi fẹ́ jápa. Kí ni kí n bẹ̀rù?
Ẹ bẹ̀rù ẹni tó bá ní òun á sanwó ọ̀nà, tó wá fẹ́ kó fi páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sọ́wọ́ òun, tàbí tó ní kó gba Líbíà kọjá. Ẹ tètè fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àwọn tó ń fi èèyàn ṣòwò, létí kí ọmọ tó gbéra.