Abala tó ń rán ni sí abala: bí òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo ọmọdé ṣe so mọ́ra

Ẹni tó bá ka abala 2423 nínú Title 18, ìwé òfin ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tó sì pa ìwé dé, kò tíì mọ ohun tí abala náà kà léèwọ̀. Ó ní ọmọ Amẹ́ríkà tó bá lọ sókè òkun, tó sì hùwà ìbálòpọ̀ tí kò bófin mu sí ọmọdé, yóò jẹ́jọ́ nílé. Ìwà wo gan-an? Bí àgbàlagbà tí a bi léèrè ọ̀rọ̀, tó ní ká lọ bi àwọn mẹ́ta mìíràn, ni abala yìí ṣe ń dáhùn: ẹ lọ sí Orí 109A fún ìfipábánilòpọ̀ àti ìbọ́mọdé-lòpọ̀, ẹ lọ sí 1591 fún fífi ọmọdé ṣòwò ìbálòpọ̀, ẹ lọ sí 2256 fún ìtumọ̀ àwòrán ìbálòpọ̀ ọmọdé.

Ó ń bíni nínú bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ pé ọdún 18 ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Òótọ́ ni pé 2256 pe ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọdé. Ṣùgbọ́n abala 2243, nínú Orí 109A, ọmọ ọdún 12 sí ẹni tí kò tíì pé 16 ló ń sọ. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọdún 17, tí kò sí ipá níbẹ̀, ọ̀nà 109A lè má mú ọ̀daràn náà. Bí owó bá wọ̀ ọ́, 1591 mú un. Bó bá ya àwòrán ìbálòpọ̀ rẹ̀, 2256 mú un. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà náà fi jẹ́ mẹ́ta.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lockhart, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà dá ní ọdún 2016. Abala 2252 sọ pé ẹni tí wọ́n bá ká àwòrán ìbálòpọ̀ ọmọdé mọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ kan nínú àkójọ rẹ̀ rí, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Mẹ́ta nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà jẹ́ ti òfin ìpínlẹ̀, ọ̀rọ̀ "tó kan ọmọdé" sì wà ní ìparí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àgbàlagbà ni ẹni tí Lockhart ṣẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọ̀rọ̀ ìparí yẹn kàn, àbí ìkẹta nìkan? Adájọ́ mẹ́fà ní ìkẹta nìkan, méjì kọ̀. Ẹ̀rí wọn dùn mọ́ni: orúkọ àti ètò ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá àkọlé abala 2241, 2242 àti 2243 nínú Orí 109A mu, 2243 nìkan ló sì dárúkọ ọmọdé. Ọgbọ́n ni lóòótọ́, àmọ́ ó le kí aráàlú tó ń ka 2252 nìkan tó ronú kàn án.

Àléébù ètò yìí ni pé àkójọ kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Abala 2258A, tí wọ́n ṣe ní 2008, ló pa á láṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì láti fi ẹ̀sùn tó hàn sí wọn tó NCMEC, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé tó sọnù àti èyí tí wọ́n ń fi ìyà jẹ, létí. Àwọn abala nípa àwòrán wà nínú rẹ̀. Àmọ́ 2422, tó ń fìyà jẹ ẹni tó ń tan ọmọdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1996, kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni 1591. Ọdún 2024 ni òfin tuntun kan, REPORT Act, tó fi wọ́n kún un. Fún ọdún 16, ìfẹ́ inú ilé iṣẹ́ nìkan ni ìjábọ̀ irú ìwà méjèèjì yìí wà lé.