Wáyà wọlé ṣinṣin, àmọ́ ihò yẹn kọ́

Ẹni tó bá fẹ́ gbé kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wọ kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn yìí: ẹ wá wáyà kan, ẹ ki orí kan bọ sítẹ́rìò, ẹ ki ìkejì bọ ihò máìkì, ó parí. Ṣebí ẹnu wáyà náà wọlé.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbé kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú bàbá àgbà wa wọlé. Dùndún tó yẹ kó máa sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹni tó fi ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu. Mo dín fọ́líùmù kù nínú kọ̀ǹpútà. Ìkùn náà lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìkùn ṣì ni.

Iná tó ń ti inú máìkì jáde kéré gan-an, ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún fóltì kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ohun tó ń gbé ohùn sókè sẹ́yìn ihò máìkì. Sítẹ́rìò ní tiẹ̀ ti gbé ohùn tirẹ̀ sókè tán: nǹkan bíi 0.3 fóltì ló ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ CD sì lè tó fóltì 2. Ihò máìkì á tún wá gbé e sókè lé e lórí. Kọ̀ǹpútà sì ní òkè tí kò lè kọjá. Ohun tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, gígé ló ń gé e. Ẹ fẹ ìgbì ohùn náà lójú nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ ó rí i tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi koríko tí àdá gba orí rẹ̀ kọjá. Ohun tó gé ti lọ nìyẹn. (Àwọn tó mọ kásẹ́ẹ̀tì lò á ní àwọn máa ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó ń wọn ohùn wọ pupa díẹ̀, ohùn á sì dùn sí i. Òótọ́ ni, téèpù máa ń gbà á mọ́ra. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyẹn.)

Ihò máìkì ọ̀pọ̀ laptop tún jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo, òsì àti ọ̀tún sítẹ́rìò kò lè jọ gbabẹ̀ kọjá.

Line In lẹ ń wá, ihò tí wọ́n ṣe fún ohùn tí ẹ̀rọ mìíràn ti gbé sókè tán. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, òun ni ihò búlúù; píǹkì ni ti máìkì. Lẹ́yìn sítẹ́rìò, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ TAPE OUT tàbí REC OUT sí. Bí kò bá sí, ihò earphone ṣeé lò, kí fọ́líùmù kàn ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà sípíkà o: wáàtì 20 sínú sípíkà óòmù 8 ju fóltì 12 lọ, ó lè jó kọ̀ǹpútà.

Laptop tí kò ní Line In nílò ẹ̀rọ USB kékeré kan tó ní in lára. Ẹni tó ń tà á lè ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ yí i wò dáadáa: bó bá jẹ́ àwòrán máìkì àti earphone nìkan ló wà lára rẹ̀, ihò tí ẹ ń sá fún lẹ tún fẹ́ fowó rà yẹn.