Nyameko Barney Pityana

Nyameko Barney Pityana, tí a bí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1945 ní Uitenhage, Gúúsù Áfíríkà, jẹ́ amòfin àti àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ẹni tí a kọ́kọ́ mọ̀ nínú ìjà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lòdì sí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

Lẹ́yìn tí ó kàwé ní Lovedale, ó wọ Yunifásítì Fort Hare, ṣùgbọ́n wọ́n lé e kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1968 nítorí ìfẹ̀hónúhàn. Nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ funfun ni wọ́n ń tukọ̀ NUSAS, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbajúmọ̀ jù, èyí tí ó mú kí Steve Biko, Pityana àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ SASO sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ní Turfloop ní ọdún 1969. Biko ni ààrẹ àkọ́kọ́. Pityana gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1970. Lójú wọn, aláwọ̀ dúdú kò lè bọ́ lọ́wọ́ ìnira bí kò bá kọ́kọ́ yọ èrò pé òun rẹlẹ̀ kúrò lọ́kàn ara rẹ̀.

Ní ọdún 1973, ìjọba fi òfin dè é mọ́ agbègbè Port Elizabeth, wọn kò sì jẹ́ kí ó bá àwùjọ sọ̀rọ̀ mọ́. Inú ìdè yìí ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin láti Unisa, yunifásítì tí ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí Biko kú sí àtìmọ́lé àwọn ọlọ́pàá ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, àtìmọ́lé ni Pityana fúnra rẹ̀ wà, kò sì lè lọ síbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ó sá lọ sí Ìlú Ọba ní ọdún 1978, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Cuddesdon nítòsí Oxford, wọ́n fi í jẹ àlùfáà, ó sì sìn ní Milton Keynes àti Birmingham. Kò yẹ kí a rí èyí bí ìgbà tí ó pa ìjà tì, nítorí láti ilẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìsìn àwọn aláwọ̀ dúdú ti wà nínú ohun tí SASO ń jíròrò. Láti ọdún 1988 sí 1992, ó darí ètò ìgbógunti ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé ní Geneva.

Ó padà sílé ní ọdún 1993. Òun ni alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Gúúsù Áfíríkà, láti ọdún 1995 sí 2001, kí ó tó di ọ̀gá àgbà Unisa, ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́ ọ nígbà ìdè rẹ̀, títí di ọdún 2010. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Áńgílíkà ní Grahamstown.